Abíọ́nà: Ìtàn Ìgbà Tí Aboyún Í Gbéra Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Nínú àwọn orúkọ tí Yorùbá fi ń sọ bí a ti bí ọmọ, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí akọ̀tàn fetí sí ju bí a ti ń ṣe lọ. Orúkọ náà ni Abíọ́nà. Bí Ìgè ti ń sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ mú wá sáyé, tí Àìná sì ń sọ pé ìwọ́ wé e lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́nà ń sọ pé ìyá ọmọ yìí kò dé ibi tí ó ń lọ. Kí agbẹ̀bí tó ní ìwé tí yóò máa kọ nǹkan sí, inú orúkọ ni a ń kọ ọ́ sí. Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni ibi tí ìyá náà dorí kọ, èyí ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Láyé àtijọ́, mo rò pé oko tàbí ọjà ni. Obìnrin a máa ṣiṣẹ́ títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé, ìrọbí a sì ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ń rin ìrìn-àjò nítorí pé ó fẹ́ bímọ. Ilé ni ibi ìkúnlẹ̀. Àwọn ìyá àgbà agbo ilé ni ó ń yí i ká, àwọn ni ó sì ń mọ̀ bóyá ìrọbí ti dé tàbí inú kàn ń tan aboyún jẹ. Bí ọ̀ràn bá le, a ó ránṣẹ́ pe oníṣègùn wá sílé, a ó fún un ní àbíwẹ́rẹ́, a kì í gbé e jáde. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni àwọn ìyá wọ̀nyí gbẹ̀bí rẹ̀ láìséwu, èmi kò sì fara mọ́ àwọn tí ń pè wọ́n ní òpè. Ṣùgbọ́n bí orí ọmọ bá tóbi ju ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ, kò sí àgbo tí í mú egungun ìbàdí fẹ̀.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn dé ni ìbéèrè tuntun dé: ìgbà wo ni kí á gbéra? Àwọn Fadá Àgùdà dá ti Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà ní nǹkan bí 1912. Ọdún 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹ wo bí wọ́n ti jìnnà síra tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbéra àfi bí gbogbo ọgbọ́n ilé bá ti pin. Obìnrin yóò ti rọbí fún ọjọ́ méjì, ibà yóò ti mú un, ọmọ lè ti kú sí i nínú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá yè é, orí ọmọ lè ti tẹ ẹran ara rẹ̀ pa, tí ìtọ̀ yóò fi máa dà lára rẹ̀ láìdá. Bí ó bá sì kú, àwọn ará ilé yóò padà lọ sọ pé ilé ìwòsàn ni ó kú sí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Nítorí náà, aboyún tí ó kàn yóò pẹ́ sí i kí ó tó lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n J. B. Lawson rí irú wọn púpọ̀ ní Ìbàdàn, ìwé tí òun àti D. B. Stewart gbé jáde ní 1967 lórí ìgbẹ̀bí ní ilẹ̀ olóoru sì fi hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison ni ó wá ka iye wọn fún wa ní Zaria. Láàrin 1976 sí 1979, nínú ìbímọ 22,774 tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, ìyá 238 ni ó kú. Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ rí, tí wọ́n sì dé nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́, ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn dókítà a máa sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní àwọn ará Áfíríkà ni ó ni ín, pé oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí obìnrin tí ń rọbí. Èmi kò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ilé wa kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dára. Ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn kí aboyún tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani lè wá máa gbé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ kò ní í bá ọ̀nà jà.

Ní 1954, Emanuel Friedman, dókítà kan ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí wọn bí ẹnu ilé-ọmọ ti ń là sí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì fà á ní ìlà sórí ìwé. Ìlà òyìnbó nìkan ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe ohun tí R. H. Philpott àti W. M. Castle fi ṣe ní Rhodesia ní 1972, ní ìlú tí a ń pè ní Harare lónìí. Dókítà kò pọ̀ níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni ó wà ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké, ilé ìwòsàn ńlá sì jìnnà sí wọn. Àwọn méjì yìí wá fa ìlà méjì. Ìlà kìn-ín-ní ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí 1: bí aboyún bá lọ́ra ju èyí lọ, kí agbẹ̀bí múra láti gbé e lọ. Ìlà kejì wà ní wákàtí 4 lẹ́yìn rẹ̀: bí ó bá kan èyí, kí dókítà ṣe nǹkan. Kí ni wákàtí 4 tí ó wà láàrin wọn wà fún? Ọ̀nà ni. Wọ́n wọn ìrìn-àjò mọ́ ìrọbí. Èmi kò mọ ìwé ìṣègùn mìíràn tí ó ro ti ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi pé ilẹ̀ wa ni ó ti jáde.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dán ìwé onílà yìí wò lára obìnrin 35,484 ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994: ìrọbí tí ń pẹ́ jù dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà náà dé ilé ìwòsàn tí dókítà ń gbé inú rẹ̀, ó di pàṣán. Obìnrin tí kò ní ọ̀nà kankan í rìn mọ́ ni a ń fi ìlà ọ̀nà lé léré, tí a ń fa omi oògùn sí lára kí ó lè yára. Ní 2018, Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí lára obìnrin 5,606 ní Nàìjíríà àti Uganda: kí ẹnu ilé-ọmọ tó là dé sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀pọ̀ wọn lọ́ra ju sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí 1 lọ, wọ́n sì bímọ ní àlàáfíà. Lọ́dún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera fi sẹ̀ǹtímítà 5 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí gidi. Ìwé tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2020 kò ní ìlà méjèèjì náà mọ́.

Ohun tí agbẹ̀bí púpọ̀ ń sọ fún olóyún àkọ́bí lónìí ni pé kí ó dúró sílé títí inú yóò fi máa sún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ìṣẹ́jú kan, fún odindi wákàtí kan. Ẹni tí ó ti bímọ rí kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá tú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí ọmọ kò yí mọ́, tàbí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí ó gbéra lójú ẹsẹ̀. Òfin ìṣẹ́jú márùn-ún yìí dára fún ẹni tí mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó ní odò tàbí ọ̀nà ẹrẹ̀ láti là kọjá gbọ́dọ̀ yọ odò àti ẹrẹ̀ náà kúrò nínú rẹ̀.

Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ ọ́ ní 1994 pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa aboyún: ti ilé, ti ọ̀nà, àti ti inú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ti ilé ni a kì í fẹ́ sọ. Ìrora jẹ́ ti ìyàwó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtigbéra jẹ́ ti baálé, tàbí ti ìyá ọkọ, tàbí ti ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí baálé bá lọ sóko, a ó dúró dè é. Ìdí nìyí tí mo fi ka ètò Abíyè tí ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009 sí ohun pàtàkì nínú ìtàn yìí. Wọ́n fún aboyún ní fóònù kí ó lè fúnra rẹ̀ pe òṣìṣẹ́ ìlera, ìtọ́jú sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ètò Agbẹ̀bíyè dé, tí a fi ń san owó fún àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà tí ó ti ń dá obìnrin dúró sílé wá di ẹni tí ń bá a di ẹrù.