Bí Lucas Ṣe Fi Ẹ̀rí Ti Nọ́mbà Onídígíìtì 39

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì kan nílẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni 2¹²⁷ − 1. Ìyẹn ni pé bí a bá kọ 2 sílẹ̀ nígbà 127, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀, tí a wá yọ 1 kúrò, kò sí ohun tó lè pín èyí tó kù láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Nọ́mbà náà nìyí: 170,141,183,460,469,231,731,687,303,715,884,105,727. Mersenne kò fi ẹ̀rí kankan tì í.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe nígbà náà ni pé kí wọ́n máa fi àwọn nọ́mbà tó kéré pín èyí tó tóbi, kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀kan á pín in dọ́gba. Báyìí ni Leonhard Euler ṣe fìdí 2³¹ − 1 múlẹ̀ ní 1772, lẹ́yìn tó ti fi òye yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ì bá dán wò kúrò. Dígíìtì 10 péré nìyẹn ní. Ẹni tó bá fẹ́ pín 2¹²⁷ − 1 bẹ́ẹ̀ á máa dán nọ́mbà wò títí dé èyí tó ní dígíìtì 20. Ẹ̀mí ènìyàn kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Édouard Lucas, ọmọ ìlú Amiens tí wọ́n bí ní 1842, ló yanjú rẹ̀ ní 1876. Kò tilẹ̀ wá ohun tó máa pín nọ́mbà náà. Orí 3 ló ti bẹ̀rẹ̀: 3 lọ́nà 3, yọ 2 kúrò, ó di 7, 7 lọ́nà 7, yọ 2 kúrò, ó di 47. Bí èsì bá ti ju nọ́mbà tí à ń dán wò lọ, a ó fi nọ́mbà náà pín in, a ó sì mú ìyókù nìkan. Ẹ jẹ́ ká fi 127 ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn 2⁷ − 1. Láti ara 47 a ó rí 2,207, ìyókù rẹ̀ jẹ́ 48. Láti ara 48 a ó rí 2,302, ìyókù rẹ̀ jẹ́ 16. Láti ara 16 a ó rí 254, tí 127 pín láìṣẹ́kù. Òdo la bá ní ìgbésẹ̀ karùn-ún (7 dín 2), òdo yìí sì ni ẹ̀rí tí à ń wá, nítorí náà nọ́mbà àkọ́kọ́ ni 127. Fún 2¹²⁷ − 1, ìgbésẹ̀ 125 ni, pẹ̀lú nọ́mbà onídígíìtì 39 ní ọwọ́ lásán. Lucas ṣàlàyé pé bí a bá fi 0 àti 1 nìkan kọ nọ́mbà, a lè fi ọmọ ayò ṣe ìṣirò náà lórí pátákó tó ní ilé 127 ní ìbú, 127 ní òòró.

Ọ̀nà tirẹ̀ yìí náà ló fi hàn pé Mersenne ṣi 2⁶⁷ − 1 pè ní nọ́mbà àkọ́kọ́. Ó dá a lójú pé nǹkan kan pín in, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ nǹkan náà. Lójú tèmi, èyí ga ju nọ́mbà onídígíìtì 39 fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó fi nọ́mbà méjì tó pín in hàn ní New York: 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Fún ọdún 75, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ti nọ́mbà àkọ́kọ́ tó ju ti Lucas lọ. D. H. Lehmer tún ọ̀nà náà ṣe, Raphael Robinson sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà SWAC ní Los Angeles ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952, ó sì rí 2⁵²¹ − 1, dígíìtì 157. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi jẹ́rìí sí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nọ́mbà tó ní dígíìtì 41,024,320.