Ibùdókọ̀ Ojú Irin Doai

Arìnrìn-àjò tí ó bá ti ìhà Tokyo wá sí Doai, ní ẹsẹ̀ òkè Tanigawa ní ilẹ̀ Jàpáànù, inú ihò abẹ́ òkè ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí. Àtẹ̀gùn 486 ni yóò gùn kí ó tó jáde.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú irin tí wọ́n kọ́kọ́ là ní 1931 gba òkè, gbangba ni ibùdó rẹ̀ sì wà. Ní 1967 ni wọ́n la ihò kejì gba ìsàlẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa pọ́n òkè. Ẹsẹ̀ èrò ni ó ru ẹrù náà.

Láti 1985 kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gun òkè kò dẹ́kun àtiwá. Láti ọdún tí ojú irin ti dé, Tanigawa ti pa èèyàn tí ó lé ní 800. Ẹni tí orí bá kó yọ, ibùdó àtijọ́ tí ó wà ní gbangba ni yóò ti wọkọ̀ padà.