Igbó Páìnì Àtijọ́ ní Scotland: Ẹ Lè Lọ Wo Ẹranko Níbẹ̀, Àmọ́ Ẹ Fi Ẹyẹ Kan Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Britain, tẹ́ ẹ máa ń bi mí ibi tí ẹ lè gbé àwọn ọmọ lọ nígbà ọlidé, ẹ gbọ́ èyí. Ní apá òkè Scotland, igbó páìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Caledonian. Látìgbà tí yìnyín ayé àtijọ́ ti yọ́ ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Àáké, iná àti àgbọ̀nrín tó ń jẹ igi kéékèèké ti run èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi 84 péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ṣẹ́ kù.

Tí ẹ bá bi mí, Abernethy ni kí ẹ lọ, nínú ọgbà ìpamọ́ Cairngorms. Ẹ máa rí ọ̀kẹ́rẹ́ pupa níbẹ̀, ẹ máa rí ilé èèrà tó ga bí ògán. Ẹyẹ crossbill ti Scotland náà wà níbẹ̀: ẹnu rẹ̀ kọjá ara wọn bí àlùmọ́gàjí, òun ló fi ń yọ kóró inú èso páìnì. Kò sí orílẹ̀-èdè míì tó ní in.

Lẹ́bàá adágún Loch Garten ni osprey, ẹyẹ apẹja, ti padà wá pamọ ní 1954 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń kó ẹyin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run ní Britain. Láti 1959 ni ẹgbẹ́ RSPB ti ṣí ibẹ̀ fáwọn èrò. Láàárín April sí August lẹ lè rí i. Tí òtútù bá ń bọ̀, Senegal àti Gambia ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá wá. Ta ló máa bá wọn wí?

Àmọ́ capercaillie ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Akọ rẹ̀ tóbi tó tòlótòló. Ó ti kú tán ní Britain ní nǹkan bí 1785, kí wọ́n tó kó òmíràn wá láti Sweden ní 1837. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2015 sí 2016, 1,114 ni wọ́n. Ní 2021 sí 2022, wọ́n ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ní April àti May, àwọn akọ máa ń kóra jọ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á máa jó kí abo lè mú èyí tó wù ú. Tí èèyàn tàbí ajá bá já lù wọ́n, wọ́n lè tú ká láì gun ara wọn, ọdún yẹn sì lè lọ láìsí ọmọ. Òfin Scotland ka dídà wọ́n láàmú nírú àkókò yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Torí náà, ẹ má wá a lọ rárá, ì báà jẹ́ fọ́tò lásán lẹ fẹ́ yà. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, ẹ so ajá yín mọ́ okùn. Tí òun fúnra rẹ̀ bá kọjá níwájú yín, ẹ rọra máa lọ.

Ọkọ̀ ojú irin láti Edinburgh tàbí Glasgow á gbé yín dé Aviemore, ẹ ó wá wọ mọ́tò. Ẹ mú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn dání, ẹ sì wọ aṣọ alápá gígùn tó bá jẹ́ June sí August, torí kantíkantí ibẹ̀ ò mọ àlejò.