Àdéhùn pẹ̀lú Àjèjì nínú Ìtàn Ìdàgbàsókè Botswana láti 1966

Ìfáárà

Ọ̀nà méjì ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń gbà ṣàlàyé bí Botswana ṣe kúrò ní ipò òtòṣì. Àwọn kan gbà pé oríire ni: bí kì í bá ṣe ti dáyámọ́ǹdì inú ilẹ̀ wọn, nǹkan kan kì bá tí yàtọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ìrànlọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ló gbé e dìde. Òótọ́ wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò kúnjú òṣùwọ̀n. Dáyámọ́ǹdì wà ní Sierra Leone àti Àǹgólà pẹ̀lú, ìrànlọ́wọ́ àjèjì kò sì fo ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà tí ìjọba Botswana gbà wọ inú àdéhùn, tó sì ń gbà padà sídìí àdéhùn náà láti tún un ṣe, ló fa ìyàtọ̀. Bébà náà yóò sì fi hàn pé bí àdéhùn láàárín ìjọba àti àjèjì tilẹ̀ dára, ìyẹn kò ní kí àǹfààní rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ìlú. Àdéhùn mẹ́ta ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ: ti dáyámọ́ǹdì, ti ẹran màlúù, àti ti ìtọ́jú àrùn éèdì.

Ipò tí Botswana wà nígbà òmìnira

Láti 1885 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Bechuanaland nígbà náà, sábẹ́ ààbò wọn. Wọn kò náwó púpọ̀ lé e lórí. Mafeking, ìlú kan tó wà ní ilẹ̀ South Africa, ni wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀. Ìgbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó kọ́ Gaborone. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966, ọ̀dá ti pa màlúù rẹpẹtẹ. Ọ̀nà ọlọ́dà tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju kìlómítà díẹ̀ lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wọn san apá kan nínú owó iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì ń lọ wakùsà ní South Africa lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ààrẹ Seretse Khama àti igbákejì rẹ̀, Quett Masire, rí i pé òmìnira tí kò ní owó tirẹ̀ kò lè dúró. Owó ibodè ni wọ́n kọ́kọ́ kojú. Láti 1910 ni South Africa ti ń gba owó yìí fún gbogbo agbègbè náà, tó sì ń fún Bechuanaland ní ìpín kékeré. Ní 1969, Botswana, Lesotho àti Swaziland (tí ń jẹ́ Eswatini lónìí) gba àdéhùn tuntun tó mú kí ìpín wọn pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 1973, Botswana ti bọ́ lọ́wọ́ owó ìrànwọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba náà kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó kéré lè dá àdéhùn àtijọ́ padà sórí tábìlì, bí ó bá mọ ìṣirò ohun tó ń bèèrè.

Àdéhùn dáyámọ́ǹdì

Kí ìjọba tó bá àjèjì sọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì, ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà nílé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Òfin 1967 ló gbé ẹ̀tọ́ yìí fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé orí ilẹ̀ àwọn Bangwato, ẹ̀yà Khama fúnra rẹ̀, ni Orapa wà, níbi tí wọ́n ti rí dáyámọ́ǹdì ńlá lọ́dún yẹn kan náà. Nítorí èyí, owó náà kò di ìjà láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì, ẹnu kan náà ni gbogbo ìlú sì fi bá àjèjì sọ̀rọ̀.

De Beers, iléeṣẹ́ tó ti ń wá dáyámọ́ǹdì kiri ní ilẹ̀ náà láti 1955, dá iléeṣẹ́ ìwakùsà sílẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ní 1969. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpín ìjọba nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí owó orí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Orapa ní 1971. Kò pẹ́ tí De Beers fi bèèrè àṣẹ láti wa kùsà ní Letlhakane. Ìjọba kò sọ pé rárá. Ohun tó sọ ni pé bí wọn yóò bá ṣí ibòmíràn, àfi kí wọ́n tún gbogbo àdéhùn gbé yẹ̀wò. Ìjíròrò náà pẹ́, ṣùgbọ́n ní 1975 ìpín ìjọba di ìdajì gééré. Nígbà tí ibi ìwakùsà Jwaneng, tí ọrọ̀ rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, ìdajì yìí ni ìjọba fi wọ inú rẹ̀. Ní 1992 ni orúkọ iléeṣẹ́ náà di Debswana.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. De Beers ní owó, ẹ̀rọ àti ọjà. Botswana ní òkúta. Ohun tó ṣòro ni kí ọmọdé mọ iye tí ọwọ́ tirẹ̀ tó. Ìjọba gba àwọn agbẹjọ́rò àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ìjọba ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe iléeṣẹ́. Àṣà àtúnṣe àdéhùn yìí kò sì dáwọ́ dúró: ní 2013, De Beers kó títa dáyámọ́ǹdì rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Gaborone, àdéhùn tuntun mìíràn sì wáyé ní oṣù kejì ọdún 2025.

Kì í ṣe gbogbo àdéhùn ìwakùsà ló yọrí sí rere. Ní Selebi-Phikwe, Báńkì Àgbáyé, Kánádà àti Amẹ́ríkà yá ìjọba lówó fún omi, iná mànàmáná àti ìlú tuntun, kí àwọn iléeṣẹ́ àjèjì lè wa bàbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ́ bàbà náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ dáadáa, èrè tí wọ́n ń retí kò wá, ibi ìwakùsà náà sì kógbá sílé ní 2016. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn ló fara gbá a.

Ibi tí owó náà lọ

Owó dáyámọ́ǹdì wọ àpò ìjọba, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pín in gba inú ètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Ìjọba kò fẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ kan wá dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ètò yìí. Sweden ṣèrànwọ́ fún omi ìgbèríko, Norway fún ilé ìwòsàn. Láti 1973 ni ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, kànga àti ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ìletò. Ní 1980, wọ́n fagi lé owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá tún dé láti 1982 sí 1987, ìjọba fi oúnjẹ ìrànwọ́ láti òkè òkun bọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn aláìní, ó sì ń sanwó fún àwọn ará ìgbèríko tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ìyàn kò pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko gbẹ.

Àdéhùn ẹran màlúù

Àdéhùn kejì fi apá mìíràn hàn. Ní Lomé, ní oṣù kejì ọdún 1975, Àjọ Ọjà Ilẹ̀ Yúróòpù gbà láti dín owó ibodè ẹran màlúù Botswana kù ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Owó tí ì bá wọ àpò Yúróòpù wá ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta màlúù. Fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ràn màlúù bẹ́ẹ̀, ìjàngbọ̀n kankan kò hàn nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ní màlúù? Ìwádìí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ní 1974 sí 1975 fi hàn pé ó tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdílé ìgbèríko tí kò ní màlúù kankan. Àwọn tó ní agbo ńlá, tí òṣèlú àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà wà nínú wọn, ni àdéhùn náà ṣe lóore jù. Nítorí òfin Yúróòpù lórí àrùn tí í mú ẹnu àti pátákò màlúù, wọ́n ta wáyà la ilẹ̀ náà já. Wáyà náà dí ọ̀nà àwọn ẹran ìgbẹ́ tó ń wá omi nígbà ọ̀dá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Ẹran ìgbẹ́ yìí ni ọdẹ àwọn San, tí wọ́n ń pè ní Basarwa ní ilẹ̀ náà, gbára lé. Ìjọba tilẹ̀ tún kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn San kúrò ní ilẹ̀ wọn ní àárín gbùngbùn Kalahari ní 1997 àti 2002. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejìlá, ọdún 2006, ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre pé lílé tí wọ́n lé wọn ní 2002 kò bófin mu. Ìjọba tó mọ bí a ti ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹni kékeré níwájú De Beers kò ka ẹ̀tọ́ àwọn tó kéré jù nílé rẹ̀ sí bákan náà.

Àjọṣepọ̀ lórí àrùn éèdì

Ní òpin ọ̀rúndún ogún, aláboyún tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní kòkòrò éèdì. Ààrẹ Festus Mogae kìlọ̀ pé orílẹ̀-èdè náà lè parun. Ní 2000, Gates Foundation àti Merck Company Foundation ṣe ìlérí mílíọ̀nù 50 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan, Merck sì tún fi oògùn tọrẹ. Ìjọba ló gbé ètò náà sí ilé ìwòsàn tirẹ̀, òun náà ló sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Masa, èyí tó túmọ̀ sí ìdájí tuntun, ni wọ́n pe ètò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gaborone ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ orílẹ̀-èdè. Àwọn àlejò kò rí ọ̀fẹ́ yìí gbà títí di 2019. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ́ Botswana sí nítorí bí ó ti dín àrùn náà kù láàárín ìyá àti ọmọ.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun méjì hàn kedere. Èkíní, àdéhùn pẹ̀lú àjèjì so èso níbi tí ìjọba ti ní ìmọ̀ àti ètò tirẹ̀, tí kò sì ka àdéhùn àkọ́kọ́ sí àdéhùn ìkẹyìn. Èkejì, ibi tí owó gbà kọjá ló sọ ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó dáyámọ́ǹdì gba ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn dé ọ̀dọ̀ púpọ̀. Owó màlúù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní màlúù.

Ìbéèrè tó kù ni ti ọjọ́ pípẹ́. Ọjà dáyámọ́ǹdì ti dẹ̀, àwọn olùdìbò yọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣàkóso láti 1966 kúrò ní 2024, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Duma Boko kéde ipò pàjáwìrì lórí ìlera nítorí àìtó oògùn. Orílẹ̀-èdè tó fi òkúta kan ṣoṣo gbọ́ bùkátà gbogbo ní láti tún jókòó sídìí àdéhùn mìíràn. Bí ìtàn bá ní ẹ̀kọ́ kan fún un, òun ni pé kí àwọn tí kò ní màlúù àti àwọn San wà lára àwọn tí wọn yóò bi léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.