Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Ọmọ Àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Kí ó tó di 17 Oṣù Kìn-ín-ní 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, òbí ni ó ń san owó ilé-ìwé. Ní Komu, gẹ́gẹ́ bí i ní àwọn ìlú àgbẹ̀ mìíràn ní Òkè-Ògùn, owó nìkan kọ́ ni ìṣòro: ọmọ ni ó ń lé ẹyẹ lórí ọkà bàbà. Bí ó bá re ilé-ìwé, ọwọ́ kan dín lóko nìyẹn.

S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, ni ó gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Ọ̀fẹ́ ni a pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó-orí tí a bù lé ti àtẹ̀yìnwá bí àwọn àgbà nínú. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀. Wọn kò torí èyí jáwọ́. Iye akẹ́kọ̀ọ́, tí kò pé 460,000 ní 1954, lé ní 800,000 ní 1955.

Àwọn àkọ́kọ́ jáde ìwé mẹ́fà ní 1960. Girama ṣì ń gbowó. Ọ̀pọ̀ padà sí ìdí ebè, àwọn mìíràn gba Ìbàdàn lọ wáṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979, àwọn àbúrò wọn ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀.