Ìdíwọ̀n Àtúntẹ̀ Káàdì Bésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ káàdì bésíbọ́ọ̀lù wò: wọ́n á sọ irú káàdì tó jẹ́, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ike líle tí kò ṣeé ṣí láìfọ́. Àtúntẹ̀ ni káàdì tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láti ara àwòrán èyí tó ti pẹ́. Káàdì àtijọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ páálí pẹlẹbẹ, àwòrán eléré níwájú, ìpolówó tàbí ìtàn eré rẹ̀ lẹ́yìn. Inú páálí sìgá ni wọ́n ń fi í sí láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, àwọn oníṣingọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀wọ́n ló fa àtúntẹ̀. American Tobacco Company tẹ ọ̀wọ́ káàdì tí a mọ̀ sí T206 láàárín 1909 sí 1911, ṣùgbọ́n wọ́n tètè dá ti Honus Wagner, eléré Pittsburgh Pirates, dúró. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ra sìgá nítorí òun. Àwọn mìíràn ní wọn kò fún un lówó ni. Nǹkan bí 60 péré la mọ̀ pé ó kù láyé. Ọ̀kan nínú wọn, tí máàkì rẹ̀ kò ju 3 lọ, tà ní mílíọ̀nù 6.6 dọ́là lóṣù kẹjọ ọdún 2021. Lẹ́yìn ọdún kan, káàdì eléré Mickey Mantle tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952 tà ní mílíọ̀nù 12.6. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sy Berger tó ṣètò ọ̀wọ́ 1952 náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé inú òkun ni àwọn da èyí tó ṣẹ́kù sí ní 1960, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Topps fúnra rẹ̀ tún ọ̀wọ́ náà tẹ̀ ní 1983. Káàdì 402 ló wà níbẹ̀ dípò 407, nítorí pé àdéhùn kò wọ̀ pẹ̀lú àwọn eléré kan. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2½ sí 3½, nígbà tí ti àtijọ́ jẹ́ 2⅝ sí 3¾, ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ gbangba pé àtúntẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọmọlúàbí nìyẹn: ó jẹ́ kí ẹni tí kò lówó rí ohun tí àwọn olówó ń rí. Àwọn tó ń bà á jẹ́ ni àwọn tó ń ha ọ̀rọ̀ náà kúrò, tí wọ́n ń rẹ páálí sínú tíì tàbí kọfí, tí wọ́n sì ń fi sáńpépà ra igun rẹ̀ kó lè dà bí ohun àtijọ́.

Olùyẹ̀wò a kọ́kọ́ wọn káàdì. Lẹ́yìn náà ló kan awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti sábà máa ń tú. Lórí káàdì àtijọ́, wọ́n tẹ orúkọ eléré àti ìlà tó yí àwòrán ká lọ́tọ̀, nítorí náà yíǹkì wọn dì láìní àlàfo. Ẹni tó bá ya fọ́tò káàdì náà kó tó tún un tẹ̀ ti sọ lẹ́tà, ìlà àti àwòrán di ohun kan ṣoṣo. Lábẹ́ awò, lẹ́tà rẹ̀ á fọ́ sí àmì tóótòòtó. Iná kan tún wà, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò. Nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1940 ni àwọn oníṣẹ́ bébà bẹ̀rẹ̀ sí í po kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun mọ́ ọn, kẹ́míkà yìí sì máa ń tàn yanran lábẹ́ iná náà. Káàdì tí wọ́n bá ní 1910 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tó wá ń tàn bẹ́ẹ̀, kò tún nílò ẹlẹ́rìí. Àbàwọ́n tíì pẹ̀lú a máa kárí bákan náà, nígbà tí ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ máa ń pọ̀ létí àti ní igun, níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án.

Ìgbà tí wọ́n bá ti mọ ohun tí káàdì jẹ́ tán ni wọ́n ń wo igun, etí, ojú rẹ̀ àti bí àwòrán ṣe bọ́ sí àárín, kí wọ́n tó fún un ní máàkì. PSA, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ olùdíwọ̀n náà, a máa fún àtúntẹ̀ tó ní àṣẹ, bíi ti Topps, ní máàkì, á sì kọ 1983 sára àkọlé rẹ̀. Ayédèrú kì í gba máàkì rárá.

Ní 1991 ni PSA bẹ̀rẹ̀ ní California. SGC, ilé-iṣẹ́ olùdíwọ̀n mìíràn, dé ní 1998, ti Beckett sì tẹ̀ lé e ní 1999. Káàdì tí PSA kọ́kọ́ díwọ̀n ni Wagner tí Wayne Gretzky, eléré họ́kì orí yìnyín, àti oníṣòwò Bruce McNall rà ní gbàǹjo Sotheby's ní 451,000 dọ́là. Wọ́n fún un ní 8. Ní 2013, Bill Mastro, ẹni tó ti ni ín rí, jẹ́wọ́ fún ìjọba pé òun ti gé etí rẹ̀. Káàdì gidi ni, kì í ṣe àtúntẹ̀, síbẹ̀ máàkì 8 náà kò tọ́ sí i. Ní 2024, àwọn tó ni PSA ra SGC. Kò dára tó bẹ́ẹ̀: bí àwọn olùdíwọ̀n bá ń bọ́ sábẹ́ olówó kan náà, ìfigagbága tó ń mú kí wọ́n ṣọ́ra á dín kù.

Máàkì 10 lórí àtúntẹ̀ 1983 ń sọ pé igun rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì mọ́. Kò sọ ọ́ di ti 1952. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ka ọdún tó wà lórí àkọlé kí ẹ tó wo máàkì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara ike náà wá a nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó díwọ̀n rẹ̀, torí pé àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú.