Ọ̀nà tí Oró Ejò Ń Gbà Nínú Ara

Bí ejò bá bu àgbẹ̀ ṣán lóko ní Ìjagun, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, okùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń yára wá láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ìtàn wí.

Ní 1664, Francesco Redi ará Ítálì fi hàn pé ojú ọgbẹ́ ni oró paramọ́lẹ̀ ń gbà ṣe ibi. Ní 1939, Duran-Reynals fi hàn pé ohun kan ń bẹ nínú oró tí ń tú ìdè ẹran ara, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Ní 1941, Barnes àti Trueta rí i pé omi ara, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ni ó ń gbé oró ejò mìíràn lọ, àti pé bí ẹsẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, omi náà a falẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń sáré ń ti oró síwájú. Okùn líle sì ń há oró paramọ́lẹ̀ mọ́ ojú kan, títí ẹran ibẹ̀ yóò fi jẹrà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ náà ró, kí ẹ sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń wá oògùn oró ejò, irú èyí tí Calmette àti àwọn ará Faransé mìíràn kọ́kọ́ fi hàn ní 1894.